Èèyàn Amọ̀ Ẹnu Ọ̀nà

Ọ̀sán gangan ni Onígíláàsì jalè. Ẹni tó bá rò pé òru nìkan ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ibi, kò tíì jókòó ti ẹni tí ìlara ń jẹ lọ́kàn. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ sí pa lọ́lọ́, ọlọ́dẹ sì ń tòògbé lórí àga lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé kékeré méjì ló wà lórí tábìlì níbẹ̀. Ìlú fẹ́ kọ́ ilé-ìkàwé tuntun, wọ́n sì ti ní kí àwọn ayàwòrán-ilé mú àpẹẹrẹ wá. Èyí tí Onígíláàsì mú wá, gíláàsì ni láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ó fi ọ̀dà ya igbó àti omi sí i lára, oòrùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń da àwọ̀ sára ògiri. Ó dára, ọ̀tá rẹ̀ pàápàá kò ní sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n èkejì ni wọ́n mú. Èkejì kò ju àpótí bàtà lọ, amọ̀ ni, ìlà ìka obìnrin tó mọ ọ́n ṣì wà lára ògiri rẹ̀.

Alámọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Kí ó tó fa ìlà kan ṣoṣo sórí pépà, á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ilé tó fẹ́ kọ́, á gbé e kalẹ̀, á máa wò ó. Nígbà kan, òun àti Onígíláàsì ló jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan, lórí tábìlì gígùn kan. Òun ń mọ, ọkùnrin náà ń ya àwòrán sára gíláàsì, ilé tó bá ti àárín wọn jáde, àwọn èèyàn á dúró lójú títì máa wò ó. Ohun tó tú wọn ká kò ju ìkíni lọ. Bí àlejò bá wọlé, Alámọ̀ ni wọ́n máa ń kí ṣáájú. Ọkùnrin náà gbé e mì títí, kò dà. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fi ayùn gé tábìlì náà sí méjì, ó gbé ìdajì tirẹ̀ jáde. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Látìgbà náà, ibi gbogbo tó bá dé, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi í: "Ṣé ẹ̀yin lẹ bá Alámọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà kan?"

Ní ẹnu ọ̀nà ilé amọ̀ náà, èèyàn amọ̀ kan dúró, kò ga ju oríkèé ìka lọ. Àwọn ayàwòrán-ilé máa ń fi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ kí onílé lè mọ bí ilé náà yóò ṣe ga tó. Àwọn yòókù á ra ti oníke. Alámọ̀ nìkan ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ tirẹ̀, kò sì sí ilé tó mọ rí tí èèyàn náà kò sí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn èèyàn ní ara rẹ̀ ló ń mọ síbẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe ń fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Onígíláàsì na ọwọ́, ó yọ ọ́ bí ẹni yọ eyín. Ó wé e sínú áńkáṣíìfù, ó sọ ọ́ sápò. Etí rẹ̀ dún fínrín. Nígbà tó ń jáde, ọlọ́dẹ lajú, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún pa ojú dé. Kò kí i.

*

Bàbá oníṣègùn tó lọ bá kò gbé inú igbó. Yàrá ẹ̀yìn ilé-ìfọṣọ kan ló ń gbé, ibi tí ooru omi gbígbóná ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, tí òórùn ọṣẹ kì í tán. Bàbá Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ kó pariwo rí.

"Kí lo fẹ́ kó ṣe ẹni náà?" bàbá bi í.

"N ò fẹ́ kó kú o, bàbá. Mo kàn fẹ́ kí ojú àwọn èèyàn máa gba ara rẹ̀ kọjá, bó ṣe ń gba ara tèmi kọjá. Kó wọlé, kẹ́nì kankan má mọ̀ pé èèyàn wọlé. Kó sọ̀rọ̀, kí wọ́n má dáhùn. Kóun náà mọ bó ṣe ń rí."

"Àfẹ̀ẹ́rí nìyẹn." Bàbá mi orí. "Àfẹ̀ẹ́rí tí èèyàn fi sára ara rẹ̀, ó lè bọ́ ọ nígbà tó bá wù ú. Èyí tí wọ́n bá fi sára ẹlòmíràn, kò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé o mú ère rẹ̀ wá?"

Onígíláàsì gbé áńkáṣíìfù náà fún un láìtú u. Bàbá kò tú u náà. Ó gbé e símú, ó fa òórùn rẹ̀ títí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Amọ̀ yìí kì í ṣe amọ̀ lásán. Wọ́n po nǹkan mọ́ ọn."

"Ẹ rí i!" Onígíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Mo ti ń sọ ọ́! Kì í ṣojú lásán ló fi ń borí mi!"

"N ò sọ pé nǹkan burúkú ni," bàbá wí. "Ṣé ó dá ọ lójú pé ara rẹ̀ ló mọ yìí?"

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo èèyàn kọ́ ni mo bi. Ìwọ ńkọ́, o ti wò ó dáadáa?"

Ó ní òun ti wò ó. Irọ́ ló pa. Ẹni tó jí nǹkan kì í fẹ́ kí ojú òun àti nǹkan náà ṣe mẹ́rin.

Bàbá fún un ní ẹ̀tù dúdú nínú ìdérí ìgò. Ó ní kó kọ́ yàrá kan fún ère náà, yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé, kó fi ẹ̀tù náà pa á nínú. "Ṣebí ìwọ lo mọ ilé kọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Bó o bá ti dí i, kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́ àfi ọwọ́ tó mọ ère yẹn. Èmi tí mo fún ọ yìí, n ò lè ṣí i."

"Ta ló fẹ́ ṣí i?" Onígíláàsì dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

*

Gíláàsì ló fi kọ́ yàrá náà, kí ni ì bá tún fi kọ́ ọ. Ó fi ẹ̀tù kun ún nínú, ó fi ọ̀dà dúdú kun ún lóde, ó ju èèyàn amọ̀ náà sí i pẹ̀lú áńkáṣíìfù lára, ó sì lẹ ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ìdérí náà ṣe dé ibi tó yẹ, ariwo ìgboro dákẹ́ ní etí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí èèyàn. Lẹ́yìn náà ariwo náà padà, ṣùgbọ́n kò padà tán.

Ó wá jókòó, ó ń retí kí Alámọ̀ pòórá.

Obìnrin tó ń ta oúnjẹ nísàlẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dá gbogbo èèyàn lóhùn, kò dá òun lóhùn. Ó sọ ohun tó fẹ́ jẹ, ó tún un sọ, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ na ọwọ́ gba orí èjìká rẹ̀ kọjá, ó gba oúnjẹ lọ. Èjìká òsì ni, èyí tó rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ, nítorí ibẹ̀ ló ti ń gbé gíláàsì lé láti kékeré. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé àga rẹ̀, ó jókòó sídìí ìdajì tábìlì rẹ̀, ó sì ń jẹun lórí àwòrán rẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Onígíláàsì jágbe mọ́ ọn.

Ọmọ náà gbọn èérún kúrò lórí pépà, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò sí lójú ẹnikẹ́ni, ibo ni yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí? Ìgbà tó sì tún rí Alámọ̀ lójú títì, tí àwọn èèyàn ń dúró bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí ọmọ kékeré kan ń sáré tọ̀ ọ́ lọ, ó yé e. Obìnrin yìí ti gbọ́. Ó ti dá iṣẹ́ náà padà sí i lára.

Ó lọ wò ó lójú fèrèsé yàrá iṣẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, òun tó jẹ́ pé nígbà kan kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lápò rẹ̀. Alámọ̀ nìkan ló wà nínú ilé. Ó ṣí agolo kan, ó bu ohun kan bí ìyẹ̀fun níbẹ̀, ó wọ́n ọn sórí amọ̀ tútù, ó sì ń pò ó. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Onígíláàsì sún mọ́ fèrèsé, ó tẹjú mọ́ ètè rẹ̀. Orúkọ òun ni ẹnu náà ń pè.

*

"Ta ló wà níbẹ̀?" Bàbá Wúyẹ́wúyẹ́ gbójú sókè nínú ooru. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò, bẹ́ẹ̀ iwájú rẹ̀ gan-an ni Onígíláàsì dúró sí.

"Èmi ni, bàbá. Ẹ gbà mí. Obìnrin yẹn ń ṣiṣẹ́ sí mi. Mo fojú mi rí i, ó ń po oògùn mọ́ amọ̀, ó ń pe orúkọ mi sí i."

Bàbá tẹ́tí bí ẹni tí wọ́n ń pè láti òdìkejì odò. "Ohùn rẹ ti jìn. Kí lo ṣe, ìwọ ọmọ yìí? Lọ wo ère yẹn."

"Mo ti dí i. Ẹ fún mi ní èyí tó le ju tirẹ̀ lọ."

"Lọ wò ó, mo ní."

"Ẹ ní kò ṣeé ṣí! Kí ni n ó wá wò? Òun ni! Ẹ fún mi ní nǹkan tí n ó fi borí ẹ̀!"

Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí lẹ́yìn ògiri. "Bó o bá ta kú pé òun ni," bàbá wí níkẹyìn, "mú ògiri náà nípọn sí i. Bó bá ṣe nípọn tó ni iṣẹ́ náà á ṣe jinlẹ̀ tó lára ẹni tó wà nínú rẹ̀." Ó wá fi ọwọ́ wá afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀, bóyá ọwọ́ rẹ̀ á kan èèyàn, ọwọ́ náà kò kan nǹkan kan.

Ẹni tó bá ní àròjinlẹ̀, ibí yìí ni yóò ti dúró. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹ̀rù àti ìbínú ti jọ gba ọkàn èèyàn tí làákàyè ń rí àyè jókòó. Onígíláàsì sọ yàrá dúdú náà sínú ìkòkò ọ̀dà tó ti gbẹ, ó po sìmẹ́ǹtì, ó dà á lé e lórí. Nígbà tó gan, ó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé Alámọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń sinmi lábẹ́ ìbòòji. Ó gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí èjìká, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dùn mọ́ ọn pé wọn kò rí òun. Ó fẹsẹ̀ wá ibi tí ẹnu ọ̀nà yóò wà lórí ilẹ̀, nítorí ó mọ àwòrán ilé náà lórí, ó sì sọ ẹrù náà sínú kòtò, láàárín àwọn irin. Ó dúró títí wọ́n fi da kọnkéré lé e. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dún létí òun fúnra rẹ̀.

*

Àárọ̀ Sunday ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é, kì í yẹ̀. Sunday yẹn, fóònù kò dún. Ó pè é.

"Ta nìyẹn o?"

"Èmi ni, màámi."

"Ẹ sọ̀rọ̀ o, n ò gbọ́ nǹkan kan. Hẹ̀ẹ́, àwọn aláìníṣẹ́." Ó pa á.

Ó gbéra lọ sílé ìyá rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó wọlé. Ìyá náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó, wọ́n ń fi aṣọ nu àwọn fọ́tò ara ògiri. Onígíláàsì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

Ìyá rẹ̀ gbé fọ́tò kan sókè, fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, tí èjìká rẹ̀ òsì rẹlẹ̀. Ó nù ún, ó wò ó, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ọ̀rẹ́ mi, gbà mí. Ta tilẹ̀ ni ẹni yìí?"

"Èmi ni kí n mọ̀? Ilé tèmi ni?"

"Ọmọ dáadáa ló jọ," ìyá náà wí. Ó gbé fọ́tò náà padà sí àyè rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé nǹkan onínǹkan.

Onígíláàsì sunkún lórí ilẹ̀ ìyá rẹ̀, ọkùnrin tó ti ní ewú lórí. Ìyà wo ni èèyàn lè jẹ tó ju èyí lọ? Ó kígbe pe ìyá rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá náà gbé oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo kalẹ̀ fún àlejò rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ oògùn ẹsẹ̀.

*

Ó ku ẹnì kan. Bó bá jẹ́ Alámọ̀ ló dì í, Alámọ̀ ni yóò tú u. Ó pinnu láti lọ wólẹ̀ fún un, kó jẹ́wọ́ olè tó jà, kó bẹ̀ ẹ́ kó dá ojú ayé padà fún òun. Ó wọ yàrá iṣẹ́ náà láìkan ilẹ̀kùn. Fọ́máànù ilé-ìkàwé wà níbẹ̀, ó gbé àṣíborí rẹ̀ lé orúnkún. Ilé amọ̀ náà wà lórí tábìlì, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣófo. Tábìlì náà kúrú, etí rẹ̀ kan rí págunpàgun níbi tí ayùn gbà.

"Ẹ kúkú mọ òmíràn, ọ̀gá," fọ́máànù ń wí. "Ara yín náà ni. Ẹ ò ní ṣì í mọ."

"Ara mi?" Alámọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún yín pé ara mi ni?"

"Ṣebí bí gbogbo wa ṣe gbọ́ ọ nìyẹn."

"Ẹ ò wò ó dáadáa ni. Ṣé báyìí ni èjìká tèmi ṣe rí?" Ó rẹ èjìká òsì rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi ni, tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ilé àkọ́kọ́ tá a jọ kọ́, èmi ni mo ya ilẹ̀kùn ẹ̀, mo sì yà á kúrú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, orí ẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá àtẹ́rígbà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Látọjọ́ yẹn, n kì í ya ilẹ̀kùn láìkọ́kọ́ mọ ọ́n, kí n gbé e síbẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá padà, kò ní bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé."

Onígíláàsì gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ òsì.

"Kí wá ni nǹkan inú agolo yìí?" fọ́máànù bi í.

"Ìyẹ̀fun pákó ni. Ọjọ́ tó gé tábìlì wa, mo gbá èyí tí ayùn dà sílẹ̀ jọ. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá po ohun tí èèyàn méjì jọ lò mọ́ amọ̀, tí wọ́n sì ń pe orúkọ ẹni tó lọ, àwọn méjèèjì á tún dúró lójú kan. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni. Èmi ṣáà ń pò ó."

"Èmi rèé!" Onígíláàsì ké. "Mo ti padà! Èmi rèé, wò mí!" Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó kún fún amọ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo láyé tó lè ṣí yàrá náà. Alámọ̀ gbọ̀n rìrì, ó dìde, ó ti fèrèsé.

"Atẹ́gùn yìí ti tutù jù." Ó jókòó, ó mú amọ̀, ó mọ èjìká, ó tún un fọ́. Ó tún mọ ọ́n, ó tún un fọ́. "Ẹ wò ó, ọwọ́ mi ò rí i mọ́. Mo pè é lórí fóònù, kò dún. Ojú ẹ̀ gan-an ń sá mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ jẹ́ kó sinmi," fọ́máànù wí. "Ìpìlẹ̀ ti gan, ọ̀gá. Ògiri ti ga dé fèrèsé."

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Onígíláàsì sáré dé ibi iṣẹ́, ó fi ìka họ kọnkéré títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Kọnkéré náà kò ní èrò kankan nípa rẹ̀.

*

Wọ́n kọ́ ilé náà tán. Ó rẹwà ju ti orí tábìlì lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, èrò pọ̀ débi pé ìlà wọn kan ojú títì, wọ́n ń wọlé, àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ tọ ìlà ìka ara ògiri.

Onígíláàsì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Níbẹ̀ ló ń dúró sí lójoojúmọ́, ó ń wo ojú ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ, bóyá ọ̀kan á tilẹ̀ ya fún un. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá láìmọye ìgbà. Ó ga tó o. Kò bẹ̀rẹ̀ rí.

Nígbà tí èrò fọ́n ká, Alámọ̀ nìkan padà wá dúró síbẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. Orúkọ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò jáde. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ó ń wọn gíga ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà wálẹ̀ díẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sì dá a dúró.

Orí Onígíláàsì gan-an ló dá a dúró sí. Ó ń mọ ooru ọwọ́ náà lórí irun rẹ̀. Ó pa èémí mọ́, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kò mira, kí ọwọ́ náà lè pẹ́ díẹ̀ sí i.